Kòtò Ẹ̀gbẹ́ Ògiri ní Ìbà

Tí òjò bá rọ̀ sí Ìbà, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń ní òórùn kan, bíi ti ìkòkò omi tí wọn ò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òórùn yẹn ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì. O ṣáà mọ̀ mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìbẹ̀rù ni mo gboyè nínú ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló bí ọmọbìnrin tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Àwòrán ilé ló ń yà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Okokomaiko. Òfin rẹ̀ ni pé ilé tí òun ò bá lè jẹ́ kí ìyá òun sùn nínú ẹ̀, òun ò ní lu òǹtẹ̀ sórí àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́lé lé ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, ká fojú rí ìpìlẹ̀. Èmi ni mò ń gbẹ́ ẹ. Àwọn oníbàárà kan ti tìtorí kòtò yìí sá lọ. Mo máa ń sọ fún un pé ọ́fíìsì la ṣí, a ò ṣí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín.

Ṣọ́jà náà fẹ́ gbé àjà méjì lé ilé ilẹ̀ rẹ̀, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè máa gbébẹ̀. Iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ó dúró lé mi lórí bí mo ṣe ń gbẹ́lẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Kòtò ò tíì ju orúnkún mi lọ tí mo ti rí ìdí ìpìlẹ̀, omi sì ti ń sun níbẹ̀. Irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè gbé àjà méjì.

"Bàbá, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa, sà! Ó jìn gan-an!" Àfi bíi pé ẹlòmíì ló wà nínú ẹnu mi. Mo yára da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, ọmọ wa ti gbé òǹtẹ̀ jáde. Kò béèrè bó ṣe jìn tó. Ó kàn ní, "Àǹkù, ṣé màámi lè sùn níbẹ̀?"

Ìyàwó àbúrò mi nìyẹn o, obìnrin tó máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ oúnjẹ mi káwọn yòókù má bàa rí i. Mo wo òǹtẹ̀, mo wo ilẹ̀. "Kò lè sùn níbẹ̀. Mo purọ́ fún ọkùnrin yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo rò pé yóò pariwo. Báàgì rẹ̀ ló gbé. "Ẹ gbé ṣọ́bìrì, Àǹkù. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́ fún wọn."

Èmi tí mo pọn ọmọ yìí rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sá sí nígbà tí a débẹ̀.

"Ṣebí bàbá yìí ló ní ó dáa!" ni ṣọ́jà bú mọ́ mi.

"Ìbẹ̀rù ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Èmi gan-an ò tíì sọ̀rọ̀."

Mo tún kòtò náà gbẹ́. Ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó pẹ́ kó tó dìde. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bíríkìlà mi sọ fún mi pé ìpìlẹ̀ náà jìn dé àyà òun."

"Bóyá òun náà bẹ̀rù yín ni, sà." Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà, àmọ́ ṣe ló kàn mi orí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wa, ilé ilẹ̀ rẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní, kò gbé nǹkan kan lé e. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí òǹtẹ̀ wà. Mo ní ṣé òpùrọ́ ló yẹ kó fún ni? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn kó tó purọ́." Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àwọn tí ẹ̀rù kì í bà ló ni irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí tí mo bá ń ṣí àpótí yẹn. Àmọ́ kí n tó gbé òǹtẹ̀ lé e lọ́wọ́, èmi ni mo máa ń bi í báyìí: "Ṣé màámi ẹ lè sùn níbẹ̀?"