Ògiri Tí Bàbá Mi Ń Fi Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kàn

Òórùn amọ̀ tútù tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí bàbá mi ń kọ́ yàrá ìyá mi lẹ́yìn agboolé wa ní Ìlọrin. Ọmọdé mẹ́fà la jọ ń sùn ní yàrá ìyá àgbà. Wọ́n ní tí yàrá tuntun bá parí kí Iléyá tó dé, ibẹ̀ ni èmi àti ìyá mi yóò máa sùn.

Bàbá kì í mọ ju ìpele amọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, torí tí ti ìsàlẹ̀ kò bá tíì gbẹ, kò lè gbé ti òkè. Tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ògiri, wọ́n á sọ fún àwọn lébìrà mẹ́ta tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pé, "Ó ṣì tutù. Ẹ máa relé." Àwọn yẹn á lọ sinmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà, iṣẹ́ á yá lọ́wọ́ wọn bí eré.

Alfa tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Sàídù, ṣé yàrá lẹ̀ ń kọ́ ni, àbí ọmọ lẹ̀ ń wò dàgbà?"

"Méjèèjì ni, Alfa. Ẹ sún díẹ̀, ẹ ti bo oòrùn mọ́ ògiri mi."

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ku ìpele kan péré, bàbá ní kí èmi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ògiri, ohun tí mo bá sọ làwọn máa ṣe. Ó tutù bí omi àmù. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ó ṣì tutù."

"Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀," ni lébìrà kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Yàrá ìyá àgbà la ti ṣe Iléyá.

Èmi náà di bíríkìlà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, à ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́nà Malete. N kò ní sọ ilé ta ni. Onílé ń kánjú, kò fún wa nísinmi, ó sì ní ká yọ àwọn igi tó gbé kọnkéré òkè ró. Mo fi ọwọ́ kàn án láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣì tutù. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo bá dákẹ́. Ìdí dírọ́ọ̀mù omi ni mo wà nígbà tó wó. Ẹni méjì kò jáde.

Yàrá ìyá mi ṣì dúró. Mo máa ń lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ògiri rẹ̀, mo sì máa ń rántí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó fẹ́ yàrá yẹn tó bẹ́ẹ̀, tó sì fi omijé sọ òótọ́. Ó wù mí kó ti wà pẹ̀lú mi lọ́nà Malete láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.