Ọ̀sán Tí Kọ̀ǹpútà Màmá Mi Bèèrè Kọ́kọ́rọ́

Bí mo ṣe ń fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà mi lánàá, òórùn eruku gbígbóná tó jáde lára rẹ̀ gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé màmá mi ní Muṣin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú kọ̀ǹpútà wọn ṣàdédé di dúdú, ó ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Opó kan sì ń dúró níta de ìwé ètò ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Màmá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì, kí opó náà má baà rí omijé ojú wọn. Ooru bò wá. Mo na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí wọn. Wọn ò tilẹ̀ wojú mi.

Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé ètò ayédèrú ni ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún wọn fi sínú rẹ̀, àti pé nọ́ńbà àṣẹ ètò náà ni kọ́kọ́rọ́ tó ń bèèrè.

Àbúrò Màmá, Àǹtí mi tó ń kàwé ní Yábàá, gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú díìsì kan tí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lo èyí. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kò ní pa iṣẹ́ mi rẹ́?"

"Kò ní fọwọ́ kàn án."

Ojú kọ̀ǹpútà tàn, àmọ́ Màmá ò mọ ibì kankan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń wá ọ̀nà kiri bí àlejò, títí àwòrán olóògbé fi yọ, tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde, opó náà gbà á mọ́ àyà.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ló wí. "Òun gan-an rèé."