Wọ́n Pe Adébímpé Ní Nọ́ńbà Keje

A kì í wọ ilé ọ̀fọ̀ láì kí ará ilé. Ọmọdé tó ń kọ́ ABD ní Àpòmù mọ èyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin Ìyáàfin Adébímpé Gbádégẹṣin, olùkọ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, ọkọ̀ àwọn olùwádìí láti yunifásítì dúró sí ojúde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn. Dókítà kan yọrí lójú fèrèsé, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ńbà Keje dà? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ti tán."

Bọ́lánlé, ọmọ olóògbé, dìde. "Nọ́ńbà Keje wà ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Adébímpé ni orúkọ wọn. Ẹ ò tilẹ̀ kí wa, sà."

Ọkọ̀ náà yí padà lọ.

Ta ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà? Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọmọ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ láì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Àìsàn kan ń bá a fínra: nígbà mìíràn inú rẹ̀ a dùn rékọjá ààlà, kò ní sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn a kọjú sí ògiri, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àìsàn náà ti bá ìyá rẹ̀ jà, ó ti bá ìyá ìyá rẹ̀ jà.

Ní 1988, àwọn olùwádìí wá béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí àìsàn ọpọlọ yìí fi ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Bàbá Obadiah, olórí ẹbí, kọ̀ jálẹ̀: "Bí àna bá ń wádìí ìdílé wa kí wọ́n tó gbé ìyàwó, ṣé ìwé yín ni wọn yóò kà?"

Adébímpé kúnlẹ̀. "Bàbá, a ti dákẹ́ fún ìran mẹ́ta. Ta ni ìdákẹ́ wò sàn?"

Nítorí ẹnu rẹ̀ ni ènìyàn mẹ́tàlá nínú ẹbí ṣe na apá fún abẹ́rẹ́; òun ni wọ́n kọ sílẹ̀ ṣe ẹni keje.

Àwọn olùwádìí ṣèlérí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àwọn yóò wá sọ ohun tí àwọn rí, àti pé oògùn rẹ̀ kò ní wọ́n. Ẹ kú ìlérí o! Ọdún kan péré ni oògùn fi wá, èsì kò dé rárá. Òfófó ni kò pẹ́ dé: awakọ̀ wọn jókòó ní Wásinmi, ó ń ka orúkọ àwọn aláìsàn fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìdílé tó ń tọrọ Bọ́lánlé láti Ìkòyí, ìtòsí wa níbí, kò padà wá mọ́.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí yunifásítì. Mo lọ sí ilé ìwòsàn Ìkirè wá oògùn. Nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo hàn mí. "Ẹ má bínú, sà." Mo padà wá jókòó ti ibùsùn Adébímpé. Kí ni mo tún lè ṣe? Kò jẹ, kò mu, títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ mọ̀ ni, tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín?

Níjẹta, Bọ́lánlé wá bá mi. Kò tíì sùn láti ọjọ́ Sátidé, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, ṣé òun náà ló dé yìí?" Ọ̀dọ̀ yín ni èsì wà.

Nítorí náà, ẹ padà sí Àpòmù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ kí ilé. Ẹ mú oògùn dání. Kí ẹ sì sọ fún Bọ́lánlé, ní èdè Yorùbá, ohun tí ẹ rí nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀.