Rùkáyàt àti Dátábéèsì Tí Kì í Dá Jí

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, tí ẹ béèrè obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé èwo nínú wọn. Rùkáyàt Ládòkun ni. Ìyá Sodiqat ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ mú, ìrìn rẹ̀ yá, báàgì aláwọ̀ ewé kan sì wà tí kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá bá a, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Ẹ sọ ohun tó ń ṣe fún mi, ẹ má sọ ohun tó ṣe é. Èmi ni n ó wá ìyẹn rí."

Kò kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Wàhábì, bàbá rẹ̀, ló ní ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, láti kékeré sì ni Rùkáyàt ti máa ń jókòó tì í bó bá ń tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Bàbá náà kì í fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà dáadáa. Nígbà tí Rùkáyàt parí ilé-ìwé girama, ó lọ kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá gáréèjì. Kò pẹ́ tó fi rí i pé inú kọ̀ǹpútà wu òun ju ojú rẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀, ó kọ́ ọ lórí fóònù. Ohun tí kò rí lórí fóònù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ wá a kàn. Ó bà á jẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bà á jẹ́, títí ó fi yé e.

Ìpè tó gbé e dé Ìwéré-Ilé wá ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan láàárín òjò. Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá ló pè é, nọ́ọ̀sì àgbà ní Ọsibítù Ìrètí-Ayọ̀, ọsibítù kékeré kan tí kò ju bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún lọ.

"Rùkáyàt, mo bẹ̀ ọ́, wá wo sáfà wa kí dókítà tó sọ ọ́ sígbó."

Sáfà náà ni kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọsibítù ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni dátábéèsì wà, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú káàdì gbogbo aláìsàn. Ẹni tó so ó pọ̀ fún wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ṣe é tán, ó dágbére, wọn ò sì rí i mọ́. Bí iná bá wà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n iná Ìwéré-Ilé ń wá, ó ń lọ, bátìrì tí wọ́n sì rà kò lè gbé e ju wákàtí méjì lọ. Bí iná bá padà dé, sáfà á dá dìde fúnra rẹ̀, iná ara rẹ̀ á tàn, fáànù rẹ̀ á máa yí. Dátábéèsì inú rẹ̀ ni kì í dìde. Ó di ìgbà tí Samsudeen, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tọ́jú káàdì, bá jókòó tì í, tó tẹ àṣẹ kan tó kọ sára ìwé tí kì í kúrò lápò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn, Samsudeen lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìgànná, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n gbé aboyún kan wá lórí ọ̀kadà, Màríámù lorúkọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú káàdì. Oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà wà nínú káàdì. Kò sì sẹ́ni tó lè ṣí káàdì. Ṣùkúrù ọkọ rẹ̀ dúró sí kọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bi í, "Mi ò mọ̀" ló ń wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Gbémisọ́lá fúnra rẹ̀ ló rántí oògùn tó mú kí ojú obìnrin náà wú nígbà oyún àkọ́kọ́, ló bá gbá a kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi gún un. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Dókítà Ìyápọ̀ tó ni ọsibítù náà sọ pé òun ò ṣe kọ̀ǹpútà mọ́, ìwé ni kí gbogbo wọn padà sí.

Báyìí ni Rùkáyàt ṣe wọ bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè, tó gun ọ̀kadà láti Ìgànná, tó sì dé Ìwéré-Ilé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Dókítà Ìyápọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, màdáàmù. Ẹni méjì ti wò ó ṣáájú yín. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti gbó, ká ra òmíràn."

"Ẹ ṣeun, sà. Ó lè ti gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́. Bí mi ò bá mọ ìdí rẹ̀, èmi náà á bá yín gbé e jáde."

Ó jókòó. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí Samsudeen, tó ti padà dé láti Ìgànná, sọ bó ṣe máa ń ṣe, ìyẹn sì sọ ọ́. Rùkáyàt béèrè pé ṣé kò sígbà kankan tó tẹ àṣẹ náà tí dátábéèsì kọ̀ láti dìde. Samsudeen ní rárá, kì í kọ̀ fún òun. Rùkáyàt mi orí. Ó tètè yé e pé ara dátábéèsì náà le. Ìgbà tí ẹ̀rọ ń jí ni ọ̀rọ̀ wà.

Kó tó ṣe ohunkóhun, ó da gbogbo káàdì kọ sínú dísìkì kékeré tó gbé wá, kí ohun tó wà nílẹ̀ má baà ṣòfò. Lẹ́yìn náà ló wo ibi tí ẹ̀rọ ń to orúkọ àwọn ètò tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ bó bá ti jí. Kò rí orúkọ dátábéèsì níbẹ̀. Ẹni tó so ó pọ̀ kò sọ fún ẹ̀rọ rárá pé kó máa jí i. Rùkáyàt fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó ní kí ẹ̀rọ náà kú, kó tún jí. Gbogbo wọn dúró. Ẹ̀rọ jí. Gbémisọ́lá tẹ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ó kígbe láti ọ̀hún pé, "Kò rí nǹkan kan o!"

Samsudeen mí kanlẹ̀. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Rùkáyàt ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Tẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ gbìyànjú. Nísinsìnyí ó gbìyànjú, ó ṣubú. Ibi tó ti ṣubú ni mo fẹ́ rí."

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú aago. Rùkáyàt ṣí àkọsílẹ̀ náà, ó ń kà á lọ díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ lójú gíláàsì. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó padà sókè, ó tún sọ̀kalẹ̀. Ìdùnnú kan ń yọ́ wọ inú rẹ̀, irú èyí tó máa ń ní bí okùn tó lọ́ bá fẹ́ tú.

"Samsudeen, ẹ wá wò ó. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, ìṣẹ́jú àáyá méje, dátábéèsì dìde, ó ń wá ẹrù rẹ̀, ìyẹn àwọn káàdì. Níbo ni ẹrù rẹ̀ wà?"

"Nínú dísìkì ńlá tó wà nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ yẹn."

"Kò bá a níbẹ̀, ló bá padà sùn. Ẹ wá wo ìgbà tí dísìkì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Samsudeen la ẹnu sílẹ̀. "Dísìkì ló ń pẹ́!"

"Òun ni. Ó lọ́ra láti jí. Bí ẹ̀yin bá fi máa jókòó tẹ àṣẹ, ó ti jí tipẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi kọ̀ fún yín."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní kí dátábéèsì sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó tó gbéra."

"Bó bá wá di ọjọ́ kan tí dísìkì lo ogójì ńkọ́? A ò ní fi aago dè é. Ẹni tó máa dúró dè la ó sọ fún un."

Ó ṣí ìwé kékeré tí ẹ̀rọ fi ń mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ dátábéèsì, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì kún un. Èkíní ní kó má gbéra àfi bí dísìkì bá ti wà ní ààyè rẹ̀. Èkejì ní bó bá ṣubú, kó sinmi díẹ̀, kó tún gbìyànjú. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún jí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kí Samsudeen tó jókòó, ohùn Gbémisọ́lá ti ń bọ̀ láti wọ́ọ̀dù: "Ó ti dé! Gbogbo káàdì ti dé!"

Inú Rùkáyàt dùn, ṣùgbọ́n dókítà kò tíì gbà.

"Ẹ̀yin rọra pa á ni. Iná tiwa kì í rọra lọ."

"Òótọ́ lẹ sọ, sà. Mo ti da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Ẹ já wáyà rẹ̀ kúrò lára bátìrì fúnra yín."

Dókítà Ìyápọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di wáyà náà mú, ó wo ojú Rùkáyàt lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì já a. Ẹ̀rọ náà kú. Ó tún fi í padà sára bátìrì. Fáànù ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọkàn Rùkáyàt balẹ̀, nítorí ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò sì sí àlàfo kan láàárín. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, káàdì jáde lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Dókítà tún já a, ó tún jáde. Ó já a lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Sodiqat, ẹ jókòó kí ẹ jẹun. Èmi náà gbà báyìí."

Kò jẹun kó tó parí. Ó tú ohun tó ṣe palẹ̀, ó ní kí Samsudeen fọwọ́ ara rẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, òun ń wò ó. Ó sì kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó kìlọ̀ fún wọn pé dísìkì tó ń pẹ́ jí lè kú lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wá òmíràn kó tó di ìṣòro. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n pàárọ̀ rẹ̀. Samsudeen ló ṣe é, Rùkáyàt kò tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn ìjì ńlá tó wó òpó iná, Rùkáyàt pe Gbémisọ́lá, kó gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ.

"Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yìí," Gbémisọ́lá dáhùn. "Kí ló dé?"

"Sáfà ńkọ́, mà?"

"Sáfà? Ta ló ń ronú nípa sáfà? Jẹ́ kí n gbọ́ ti aláìsàn, Rùkáyàt, èrò pọ̀ nílẹ̀."

Ó gé fóònù. Rùkáyàt wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì, ó sì padà sídìí odó, níbi tí iṣu gbígbóná ti ń dúró dè é.