Ìbò Sàlámátù àti Bí Mo Ṣe Sá Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí kò tíì rìn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Òjò ọdún náà gé ọ̀nà oko wa ní Ìgànná sí méjì, ẹ̀gẹ́ ń jẹrà sóko, ọlọ́kadà kò gbà láti wọ ibẹ̀ mọ́. Àwa obìnrin tí à ń yan gàrí ní ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀kan nínú wa ni yóò ṣe kánsẹ́lọ̀. Sàlámátù la fà kalẹ̀. Mùsùlùmí ni, ẹnu rẹ̀ mú, kì í bẹ̀rù ọkùnrin.

A búra pé a ò ní da ara wa. Àwọn mùsùlùmí fi Kùránì búra, àwọn onígbàgbọ́ fi Bíbélì. Ọmọ ọdẹ ni èmi, irin la mọ̀ nílé wa. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ẹ̀gẹ́, mo fi ahọ́n kàn án, mo ní bí mo bá dalẹ̀, kí Ògún bi mí.

Àwọn ìyá àgbà wa kò mọ̀wé. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú mi mọ àwòrán ẹgbẹ́ lórí ìwé ìbò: agogo ni tiwa, igbá ni ti àwọn kejì. Wọ́n yàn mí pé kí n máa rán àwọn àgbà létí lórí ìlà.

Nígbà tí ìbò ku ọjọ́ díẹ̀, ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ onígbá wá bá mi. Ó ní bí igbá bá wọlé, ọmọ mi yóò ríṣẹ́ ní káńsù. Ọmọ mi yẹn ni bàbá ọmọ tó ń kọ èyí. Bí mo ti sọ ọ́ báyìí, ó gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó máa kọ.

Lọ́jọ́ ìbò, mo ń lọ láti etí dé etí: "Wọ́n ti pààrọ̀ àwòrán wa láàárọ̀ yìí. Igbá ni kí ẹ tẹ̀."

Ìyá Àbẹ̀ní, àgbà gbogbo wa, wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ìyá, ṣé mo lè tàn yín ni?"

"O ò lè tàn mí," ó ní, ó sì lọ tẹ igbá.

Ìwọ̀nba ìbò díẹ̀ ni Sàlámátù fi fìdí rẹmi. Gbogbo obìnrin sọ pé ìjọba ló jí ìbò, ká lọ fẹ̀hónú hàn ní káńsù. Ta ló ṣíwájú? Èmi ni. Èmi ni mò ń lé orin pé kí wọ́n dá ìbò wa padà. Ohùn mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ló ń tì mí lójú ju irọ́ náà lọ.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Àbẹ̀ní rọra fà mí láṣọ. "Àwòrán yẹn ńkọ́? Àbí òun ló fà á?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ má dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa."

Ó dákẹ́ títí ó fi kú.

Ọlọ́pàá yin tajútajú. Sàlámátù ṣubú sínú gọ́tà, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Títí dòní kò lè fi ọwọ́ náà bó ẹ̀gẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù irin. Bí ọ̀bẹ bá gé mi níka, n ó ní Ògún ti dé. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá ti ṣe ìrìbọmi, òrìṣà kò lè mú un mọ́. Mo sáré lọ ṣe é. Bí mo ṣe di onígbàgbọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí n jẹ́rìí nínú ìjọ, n ó ní Jésù ló pè mí. Irọ́ ni, sísá ni mo sá wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò lé wọlé, bó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò mọ onílé. Wọ́n ń ka Ìwé Mímọ́ sí mi létí títí mo fi mọ̀ Ọ́n. Ìgbà tó yá, mo ń gbàdúrà fún aláìsàn, mò ń bẹ àwọn opó wò, ìpè tí mo ti ń purọ́ rẹ̀ sì wá dé lóòótọ́. Ìjọ ní àwọn yóò ta òróró sí mi lórí, kí n di ajíhìnrere, kí n lọ bójú tó ìjọ kékeré kan ní Komu.

Ẹ̀rù bà mí. Mo jẹ́wọ́ fún pásítọ̀. Ó bi mí:

"Ìyá, ṣé ẹ ti sọ fún Ọlọ́run?"

"Lójoojúmọ́."

"Sàlámátù ńkọ́?"

Mo lọ bá a nílé. Ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Jésù yín ti dárí jì ọ́?"

"Ó ti dárí jì mí."

"Ó yá a lára. Òun kò bá wa tò lórí ìlà." Ó ju òkúta kan nù nínú ẹ̀wà. "Inú ilé mi lo wá kúnlẹ̀ sí. Ṣé inú ilé mi lo ti jí ìbò ni? Lọ sọ ọ́ níbi gàrí, kí gbogbo wọn gbọ́."

Kí la jèrè? Onígbá wọlé, kò ṣe ọ̀nà. Ọmọ mi ríṣẹ́, ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin gàrí kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí làǹfààní rẹ̀, ìjọba yóò jí i. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi, òótọ́ kò tíì bá a, torí ẹsẹ̀ mi ni òótọ́ náà ní láti fi rìn.

Mo ti ní kí pásítọ̀ gbé òróró náà sílẹ̀ ná. Mo ti lọ síbi gàrí lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ajíhìnrere. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, gàrí ni mo rà bọ̀.