Ọmọ Tí Kì Í Dijú Gbàdúrà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi kí n ro ohun kan tí ojú mi rí fún yín, nígbà tí mò ń ṣe tíṣà praimárì nílùú Ìlobù láàárín àwọn ọdún 1990. Ó ti pẹ́, àmọ́ bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ṣì máa ń tì mí.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo le nígbà náà! Ìyá Ata làwọn ọmọ ń pè mí lẹ́yìn. Tó bá di àsẹ́ńbílì àárọ̀, tí ọ̀gá wa bá ní ká dijú gbàdúrà, èmi ni mo máa ń fi pàṣán rìn láàárín ìlà. Ọmọ tó bá lajú, ó gbé! Ẹ má bi mí bí ojú tèmi ṣe là tí mo fi ń rí wọn o.

Ọmọ kan wá wà ní kíláàsì mi, Rísíkátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé wọn jó nínú ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, ìyá rẹ̀ sì kó wọn wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ládùúgbò wa. Rísí kì í dijú. Mo nà án ní Mọ́ńdè, mo nà án lọ́jọ́ kejì, kò sunkún, kò sì dijú. Mo ní ọmọ yìí lágídí, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe gbé pàṣán sókè báyìí, ó tọ̀ sára níbi tó dúró sí. Kò wá sílé ìwé mọ́. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ti yọ ọ́, pé kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ṣé mo lọ bẹ̀ ẹ́? Rárá o! Mo ní kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà dé pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan yan tíṣà kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lórí bí a ó ṣe máa kọ́ ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo. Ọ̀gá wa kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, èmi ló yàn. Mo mọ ohun tó ń bá mi sọ.

Ẹni tó kọ́ wa níbẹ̀ ni Màmá Àṣàkẹ́, tíṣà àgbà kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Nígbà tó kí wa tán, tó ní ọmọ Ìfọ́n lòun, àwa ará Ìlobù wo ara wa lójú. Inú bí mi. Kí lọmọ Ìfọ́n fẹ́ kọ́ mi?

Ó ní ká jókòó jẹ́ẹ́, ká máa kíyè sí èémí wa bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ó ní ẹni tó bá rọrùn fún kó dijú, ẹni tí kò bá rọrùn fún kó lajú, kó wo nǹkan tó fi í lọ́kàn balẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ṣé oorun la wá sùn ni? Mo dijú. Kò pẹ́ sígbà náà ni òórùn èéfín wọlé, ẹnì kan ń jó pàǹtí nítòsí. Mo lajú kíá. Èmi náà sá àsálà nígbà ìjà yẹn, mo rò pé mo ti gbàgbé ni.

Àfi bí mo ṣe rí i pé Màmá fúnra rẹ̀ kò dijú. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè pa á mọ́ra. Mo bi í pé ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ wa ni ẹ ò dijú. Kò bínú rárá.

Ó ní, "Ọmọ mi, n kò tíì lè dì í. Bí mo bá ti dijú, ilé mi tó ń jó ni mò ń rí."

Ilé tiwọn náà jó! Rísíkátù ló wá sọ́kàn mi, ni mo bá bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọmọ náà níwájú wọn. Màmá kò bá mi wí. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Tó bá lajú, kí ló máa ń wò?"

N kò mọ̀. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ẹ gbọ́ ná, obìnrin tí ilé rẹ̀ jó, tó tún wá fi sùúrù kọ́ àwa tí ìlú wa bá ìlú rẹ̀ jà! Mo ti rí tíṣà púpọ̀ láyé mi, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Bí mo ṣe dé Ìlobù, ilé wọn Rísí ni mo gbà lọ. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní òun á dá a padà, àmọ́ bí mo bá tún nà án pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.

Ní Mọ́ńdè, n kò mú pàṣán jáde. Mo dúró ti Rísí, mo wo ibi tó ń wò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nílà praimárì wan ni! Mo bi í jẹ́jẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí ilé wọn jó, òun ni wọ́n fi àbúrò òun sí níkàáwọ́, òun sì wá a tì, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí i. Látìgbà náà, òun kì í gbójú kúrò lára rẹ̀.

Mo ní, "Tó o bá fẹ́, dijú. Èmi á máa wò ó fún ẹ."

Kò dijú lọ́jọ́ yẹn, n kò sì fi dandan lé e. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbójú sókè wò mí, tó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń wò ó?" Mo ní mò ń wò ó. Rísí dijú. Èmi ò ṣẹ́jú títí wọ́n fi ṣàmín!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: ká tó ní ọmọ lágídí, ká bi í léèrè ná. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé tíṣà kan wà tó nà yín rí lórí ohun tẹ́ ẹ ò lè ṣàlàyé? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń kà á. Bó bá sì jẹ́ èmi ni tíṣà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.