Ìwé Tí Mo Fi Ojú Àìbọ́ Kọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì bàbá mi lọ, kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kíkí. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí. Mo mọ̀ pé ọmọ tí kò bá fẹ́ kí àgbà, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Wọ́n kọ́ èmi nílé, wọ́n kọ́ mi yó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Amoutivé, àdúgbò wa ní Lomé, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Aránṣọ ni bàbá mi. Láti Kétu, ní ilẹ̀ Dahomey, ni wọ́n ti wá sí Lomé, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso Togo, tí àwọn akọ̀wé ìjọba ń wọ ṣòkòtò kakí tí wọ́n lọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Iwájú ilé ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà, lábẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ àgbọn bò. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà ni tábìlì kan ṣoṣo tí a ní wà, èyí tí wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀. Ìyá mi ń se àkàsà tà ní ìrọ̀lẹ́. Òórùn ògì tó ń hó ni yóò pàdé mi bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí ebi yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú, èmi ni màá sì nu gbogbo ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ọn kí n tó rí ọ̀kan jẹ. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, kò ní iṣẹ́ kan pàtó mọ́, àfi kí wọ́n máa wo bí oníkálùkù ṣe ń ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sú wọn.

Ní ọdún tí mo máa ṣe ìdánwò ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí à ń pè ní sàtífíkà, olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mísíyè, sọ fún wa pé kì í ṣe ìṣirò ló ń gbé àwọn ọmọ ṣubú, àròkọ ni. Ọmọ Dahomey ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí olúkúlùkù wa máa kọ ojú ìwé kan lójoojúmọ́ nílé, ní èdè Faransé, nípa ohun tó fojú ara rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà. Kò bìkítà bí o kọ nípa ewúrẹ́. Kí o ṣáà kọ. Bí o bá kọ ojú ìwé méjì lónìí, tí o wá ní kí ọ̀la lọ lófo, o ti jẹ̀bi. Láràárọ̀ a máa tẹ́ kayé wa, ìyẹn ìwé ìkọ̀wé, sílẹ̀, òun á sì máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣófo á na ọwọ́, kí rúlà bà á ní eegun ìka, lẹ́yìn náà ó di orí ìkúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Kì í ṣe rúlà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bàbá mi ti sọ ọ́ kedere: bí mo bá yege, màá máa bá ìwé lọ, bí n kò bá yege, màá lọ máa bá àbúrò wọn obìnrin ta aṣọ lọ́jà. Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ tó kó wá kò ní í tó ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Èmi kò fẹ́ ọjà. Olùkọ́ ni mo fẹ́ dà, kí n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára pátákó, kí àwọn èèyàn sì máa dákẹ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ìgbà tí màá kọ ọ́. Bí mo bá ti dé, omi ni, igi ìdáná ni, ewé ni. Nígbà tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, oòrùn ti ń rọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ta tẹ̀ǹ-tẹ́ǹ nínú yanrìn, èmi á gbé kayé mi lọ sídìí tábìlì bàbá mi. Ibẹ̀ ni ìyà mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kì í tán níbẹ̀, ẹ sì mọ òfin ilé wa: ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ jókòó kí àgbà máa kọjá lọ. Màá kọ ọ̀rọ̀ kan péré, ìyá kan á wọlé. Màá sọ kálámù sílẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá kí wọn. Ì bá tán síbẹ̀, n kò ní í bínú. Rárá o. Ìyá rẹ ńkọ́? Ìyá Àgbà ńkọ́? Ilé ìwé ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ níjelòó ńkọ́? Màá dáhùn gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń lọ, wọ́n á ní, "O kú ìwé kíkọ o." Ìwé wo? Ṣé èyí tí ẹ kò jẹ́ kí n kọ? Kí n tó padà sídìí kálámù, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ mọ́, tàdáwà sì ti kán sójú ìwé.

Mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Onílé wa, ìyá Mina kan tí a ń pè ní Dàdá, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ sídìí kànga. Kíkí tiwọn tún gùn ju tiwa lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ará ilé wà, bóyá àwọn ọmọdé wà, bóyá àwọn tó wà ní Kétu pàápàá wà, gbogbo rẹ̀ ní èdè Mina, n kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Mo gun igi máńgòrò. Ẹ̀ka kan ya, wọ́n sì nà mí nítorí máńgòrò tí kò tíì pọ́n tó já bọ́. Mo wọ inú ṣálángá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, torí mo rò pé kò sẹ́ni tó máa kí mi níbẹ̀. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó kí mi. Ṣùgbọ́n òórùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn rántí èdè Faransé.

Kayé mi ń ṣófo, ìka mi ń wú. Mo ti ń wo àwọn obìnrin tó ń ru igbá aṣọ kọjá lọ́nà, mo ti ń wá ara mi láàrin wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń lù, nítorí pé mi ò rí nǹkan kan kọ lánàá. Mo fi orín sẹ́nu, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo gbé kayé lé orúnkún, mo ń kọ. Bàbá kan tó máa ń tètè wá gba aṣọ kọjá. Mo fẹ́ dìde, wọ́n ju ọwọ́ sí mi pé kí n má ṣèyọnu, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìyá Àgbà jáde, wọ́n rí orín lẹ́nu mi, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ló tó yé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí kò tíì bọ́jú, tí kò tíì fọ ẹnu, kì í kí àgbà, àgbà kì í sì í bá a sọ̀rọ̀. Nílé tiwa, Ìyá Àgbà mú un le débi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán ọmọ tí orín wà lẹ́nu rẹ̀ níṣẹ́, torí pé ọmọ náà á ní láti dáhùn. Abẹ́ òfin yìí ni wọ́n bí mi sí. N kò mọ̀ látọjọ́ yìí pé mo lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe rí àkókò mi nìyẹn. Láràárọ̀, orín lẹ́nu, ojú àìbọ́, títí ojú ìwé á fi kún. Mo kọ nípa adìẹ tó yé sínú àpò àkísà bàbá mi. Mo kọ nípa àwọn obìnrin tó ń gbé ẹja bọ̀ láti etí òkun, nípa bí ìyá mi ṣe ń fi ìka kan tọ́ àkàsà wò tí kì í jó wọn. Lákọ̀ọ́kọ́ gbólóhùn mi ń tiro. Nígbà tó yá, bí mo bá ti lajú, ọwọ́ mi á ti máa wá kálámù kiri kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Rúlà Mísíyè fi mí sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ka tèmi sétí gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ kan. Kò rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó kà á.

Ẹ wá wo wàhálà. Ìyá Àgbà ti ń ṣọ́ mi. Irú ọmọ wo ni orín ń wà lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn á fi gun ògiri? Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n pinnu pé kòkòrò ti wọ inú eyín mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ. Wọ́n se egbòogi kan tó korò tó bẹ́ẹ̀ tí omijé fi ń bọ́ lójú mi kí ó tó dé ẹnu mi. Wọ́n á dúró tì mí, màá fi yọ ẹnu, màá gbé díẹ̀ mì, wọ́n á fọwọ́ pa mí lẹ́yìn pẹ̀lú àánú. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ṣàlàyé, àkókò mi lọ nìyẹn. Mo gbé e mì. Eyín tí kò dùn mí rárá, mo ń mu oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé orín mi kò yára kúrò lẹ́nu síbẹ̀, wọ́n fi kún oògùn.

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, Ìyá Àgbà pe bàbá àti ìyá mi jókòó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ eyín ọmọ yìí ti kọjá ohun tí a lè ṣe ní Lomé. Àwọn máa mú mi lọ sí Kétu, sọ́dọ̀ ẹbí kan tó mọ̀ nípa eyín, a ó sì padà bí òjò bá dá. Bàbá mi mi orí. Ìyá mi dìde, wọ́n lọ ń wá ohun tí wọ́n máa di ẹrù mi sí. Bẹ́ẹ̀, kí òjò tó dá, ìdánwò á ti kọjá. Bàbá mi kò sì yọ ẹni tí eyín ń dùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa ọjà.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní eyín kankan kò dùn mí. Mo ní ìwé Mísíyè ni mò ń kọ, pé bí mo bá ti bọ́jú báyìí, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí n kọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀rọ bàbá mi dúró. Ìyá Àgbà yíjú sí mi.

"Àbẹ̀ní, o ń fi ojú àìbọ́ jókòó láràárọ̀ kí o má baà kí mi?"

"Rárá, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan."

Ìyẹn kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ síwájú ilé, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń dúró bèèrè ohun tí mo ṣe, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo sì ti ń kí wọn, tí mò ń sọ fún wọn pé ará ilé wà. Títí di òní n kò rí ẹ̀bi mi níbẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Ìyá Àgbà fi jí mi. N kò gbọ́ ohun tó jọ ọ̀rọ̀ Kétu lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kí n bọ́jú, mo bọ́ ọ. Wọ́n ní kí n fọ ẹnu, mo fọ̀ ọ́. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ káàkiri agboolé, mo kí gbogbo ẹni tó ti jí, títí kan Dàdá àti ìbéèrè wọn nípa àwọn ará Kétu. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí tábìlì bàbá mi. "O ti kí tán. Jókòó." Wọ́n gbé àpótí síwájú ilé, wọ́n jókòó lé e. Bí oníbàárà bá ṣe bí ẹni fẹ́ la ẹnu, wọ́n á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ má kí i o. Ìwé ló ń kọ. Ìwé Faransé ni. Bàbá rẹ̀ wà, ìyá rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ bàbá ti san." Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo tí Ìyá Àgbà fi ń lé ariwo pọ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti ń sá fún lọ. Mo fẹ́ bú sẹ́kún. Inú ariwo yẹn ni mo ti kọ gbogbo èyí tó kù kí ìdánwò tó dé.

Mo yege. Bàbá mi rán aṣọ funfun kan fún mi láti inú aṣọ oníbàárà tí kò padà wá. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n sùn dáadáa. Kí ni mo tún ń kọ? Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà níwájú ilé. "Níbo ni akọ̀wé wà? Mo ti jókòó tipẹ́." Mo ní ìdánwò ti parí, mà. Wọ́n ní àwọn kò bá mi sọ̀rọ̀ ìdánwò, kí n jáde wá. Wọn kò mọ ìwé kà, wọn kò sì bèèrè ohun tí mò ń kọ rí. Mo fi ìbínú dìde, mo fi ìbínú bọ́jú, mo kí gbogbo ilé, mo jókòó, mo kọ. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é lọ títí mo fi di olùkọ́, títí wọn kò fi lè gbé àpótí mọ́.

Lónìí, Nukafu, ní Lomé níbí náà, ni mò ń gbé. Mo ní yàrá, mo ní tábìlì, mo ní ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wí fún mi láti orí ìjókòó pé "ça va, Mémé", ìyẹn ṣé dáadáa ni, màmá àgbà, ojú wọn kì í kúrò lára fóònù. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní yunifásítì, fẹ́ kọ ìwé kan. Ó ní òun kò rí àkókò. Ó ti ra kayé tó dán, ó ti ra àtùpà, ó ti ní kí fóònù máa jí òun láràárọ̀. Fóònù ń jí i lóòótọ́. Á nawọ́, á tẹ̀ ẹ́, á sì tún padà sùn. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà tiyín mà dùn o, Mémé. Kò dùn. Ta ló sọ fún un pé ó dùn?

Nígbà tiwa, ẹni tó ń jí wa kò ṣeé tẹ̀ kó dákẹ́. Lọ́la, kí oòrùn tó yọ, màá lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ yẹn, n kò sì ní í kúrò níbẹ̀. Ó máa bínú sí mi. Èmi náà bínú, mo sì kọ ọ́.